Ìwé Àjákọ, Excel àbí Áàpù: Èwo Ló Yẹ Kí Oníṣòwò Tuntun Fi Máa Ṣírò Owó?

"Ọjà ń tà, owó ò sí." Bí ẹ bá ti jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù rí, ẹ ti gbọ́ ọ. Èmi náà sọ ọ́ fún odindi ọdún kan. Oúnjẹ ni mo ń tà n'Ìbàdàn: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́, òróró. Láti aago méje àárọ̀ lèèyàn ti ń wọlé, tó bá sì dalẹ́, dúrọ́ọ̀ owó á kún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ ra àpò tuntun ní Bódìjà, owó ò ní pé. Màá tún lọ yá kún un.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kiri pé áàpù wo ló dáa. Ìbéèrè yẹn ò tíì kàn. Èyí tó kàn ni pé ibo lowó ti ń jò? Ẹni tí àwìn ń gbé owó ẹ̀ lọ ò nílò ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ìjẹun ilé ń gbé tiẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi àwọn ọ̀nà tí mo ti lò wé ara wọn, kí ẹ lè mú èyí tó dí ihò tiyín.

Orí

Mo fi orí ṣáájú nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Tí àwọn èèyàn bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ jí, wọ́n á ní orí ẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ń gba owó lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi owó san tó bá doṣù. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tó ń ṣe: iye kan náà, lọ́wọ́ ẹnì kan náà, lójoojúmọ́. Kò ra àpò ìrẹsì ní iye kan lọ́jọ́ Ajé kó tún rà á ní iye mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sanwó alábàárù. Kò fi ènì sí i fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ta oríṣi ọjà mẹ́jọ tí iye wọn ń yí padà kò lè kó gbogbo rẹ̀ sórí, orí ì báà pé tó orí alájọ.

Àwọn alájọ àdúgbò wa gan-an, káàdì ni wọ́n ń lò. Ó ní ojú 31, ojú kan fún ọjọ́ kan. Bí owó bá ti wọlé, wọ́n á fa igi síbẹ̀, owó ọjọ́ kan sì jẹ́ ti alájọ fún wàhálà rẹ̀. Ẹ fi káàdì yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ìwé onílà tí wọ́n ń tà, àbí ìwé àjákọ tí ẹ fi rúlà fà fúnra yín

Ìwé onílà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé lẹ́wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ le, wọ́n ti fa ojú owó tó wọlé àti ojú owó tó jáde síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò mọ òwò yín. Kò fi àyè sílẹ̀ fún àwìn, kò mọ̀ pé ìdajì oníbàárà yín ń san tírànsífà. Mo ra méjì, n ò kọ èyíkéyìí dé ìdajì. Ìwé àjákọ ọmọ ilé ìwé lèmi fọwọ́ sí, kí ẹ fa ìlà mẹ́ta tó bá yín mu. Ojú ìwé mi ọjọ́ kan rèé bó ṣe máa ń rí:

| Ohun tó ṣẹlẹ̀ | Owó ọwọ́ | Àkáǹtì | Àwìn níta |
|---|---|---|---|
| Ohun tó wà láàárọ̀ | 18,000 | 95,000 | 22,000 |
| Ìrẹsì kóńgò 6 | +12,000 | | |
| Ẹ̀wà kóńgò 5, tírànsífà | | +10,500 | |
| Gàrí kóńgò 4, ìyá olóúnjẹ gbà á láwìn | | | +4,000 |
| Ìyá onímọ́ínmọ́ín san nínú gbèsè, tírànsífà | | +6,000 | −6,000 |
| Ọkọ̀ tó gbé ọjà láti Bódìjà | −2,500 | | |
| Mo mú owó oúnjẹ ilé | −3,000 | | |
| Owó tí báńkì yọ | | −50 | |
| Alẹ́ | 24,500 | 111,450 | 20,000 |

Ìwé yìí ò gba ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó mú un níye lórí ni ìlà ìsàlẹ̀ yẹn. Tí mo bá ṣírò parí, màá ka owó inú dúrọ́ọ̀. Tí mo bá bá ₦23,000 níbẹ̀ dípò ₦24,500, mo mọ̀ pé ₦1,500 ti gba ibì kan lọ, mo sì mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ṣì lè rántí pé mo ra epo sínú jẹ́nẹ́rétọ̀ tàbí pé ṣéńjì tí mo fún ẹnì kan pọ̀ jù. Tó bá di ọjọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó máa rántí. Ìjà pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ ló máa ń kù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè má mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ tún wo ìlà ìyá onímọ́ínmọ́ín. Ó wọ ojú méjì: àkáǹtì lé, àwìn dín. Owó tuntun kọ́ ló wọlé; owó tó ti wà níta ló padà wálé. Ohun táwọn oníṣirò ń pè ní kíkọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, àwọn oníṣòwò ìlú Venice ní Ítálì ti ń ṣe é kí Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò kan, tó tẹ àlàyé rẹ̀ síta níbẹ̀ lọ́dún 1494. Ẹ ò nílò láti kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣáà má kọ gbèsè tí wọ́n san bí ẹni pé ọjà tuntun lẹ tà, torí ẹ ó ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì máa yọ ayọ̀ èrè tí kò sí.

Àléébù ìwé ò fara sin. Òróró dà sórí tèmi lọ́dún kan, oṣù méjì wọ́ mọ́ra wọn. Kì í ṣírò fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye ẹ̀wà tí ẹ tà láti oṣù kẹta, ẹ ó ṣí ojú ewé títí ọrùn á fi dùn yín. Ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ ra dátà, kì í kú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ọmọ iṣẹ́ tó bá sì lè ka nọ́ńbà lè kọ ọ́.

Àwọn kan ń fi WhatsApp ṣe ìwé, wọ́n á máa fi ránṣẹ́ sí ara wọn: "ẹ̀wà 5, 10,500". Ó sàn ju orí lọ. Ṣùgbọ́n kò lè ṣírò bíi Excel, ẹ ò sì lè tẹ́ ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀ wò bí ìwé, fóònù tó bá sì sọnù láìjẹ́ pé ẹ ti ń ṣe bákọ́ọ̀pù, ó tán. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì náà kì í ṣe ìwé òwò. Iye owó àti orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ ló máa sọ; kò mọ̀ bóyá gàrí lẹ tà ni àbí àbúrò yín ló fi owó ìsìnkú ránṣẹ́.

Àkáǹtì kan àbí méjì

Èyí ò pẹ́ rárá: méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé tó rẹwà jù láyé, tí owó ilé àti owó ọjà bá ṣì ń gbé inú àkáǹtì kan, ẹ ò lè mọ èrè yín.

Ohun tó yẹ ká fi wéra ni irú àkáǹtì kejì tí ẹ máa ṣí. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òwò, báńkì á béèrè ìwé ẹ̀rí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣí i. Oníbàárà ńlá fẹ́ràn rẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kì í sábà fẹ́ san owó sí orúkọ ẹni. Àkáǹtì kejì lórúkọ ara yín rọrùn, kò gba ìwé púpọ̀, ó sì lè dí ihò náà lónìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán òwò wò lè fi èyí bẹ̀rẹ̀, kó sì lọ forúkọ sílẹ̀ bí ọjà bá ti ń dúró. Kí ẹ ṣáà rí i pé nọ́ńbà àkáǹtì ilé kọ́ lẹ kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó wá le ni pé kí ẹ dá owó oṣù yín fún ara yín. Ní ọdún tí mo ń wí yẹn, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni oníbàárà tó ń jẹ mí ní gbèsè jù. Ìrẹsì tí a sè nílé, owó ọkọ̀ ọmọ, aṣọ ẹbí, gbogbo rẹ̀ ni mo mú nínú dúrọ́ọ̀ láìkọ ọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "mo mú" sílẹ̀, mo rí i láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ìtìjú ò jẹ́ kí n fi han ọkọ mi.

Owó orí náà ń bẹ níbẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà lọ́dún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Nínú owó tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé lórí fún ẹnì kan lọ́dún, ₦800,000 àkọ́kọ́ ò ní owó orí. Èrè ni wọ́n ń wò fún oníṣòwò, kì í ṣe gbogbo owó tó gba inú àkáǹtì kọjá. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá ní ìwé tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú owó tó wọlé ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ta àpò fún yín, aláṣẹ owó orí lágbára láti fojú díwọ̀n rẹ̀ fúnra wọn. Owó ìsìnkú tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ á wá di ọjà tí ẹ tà.

Ènì: ihò tí kò sí nínú áàpù kankan

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí òun ló jẹ mí jù, n ò sì rí i kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ́ni ní ìṣirò owó. Àwọn oníwèé yẹn máa ń ronú pé ohun tí ẹ bá rà lódidi lẹ máa tà lódidi. Àwa kì í tà bẹ́ẹ̀. A máa ń ra àpò, a sì ń ta kóńgò.

Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà kan, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí tiyín. Ẹ ra àpò ìrẹsì kan ní ₦60,000. Ẹ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ kóńgò 35, ẹ sì ń ta kóńgò kan ní ₦2,000. Nínú ọkàn, ₦70,000 nìyẹn, èrè ₦10,000. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó.

Lọ́jọ́ kan mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa fa igi sára páálí fún gbogbo kóńgò tó bá wọ̀n látinú àpò kan pàtó, láti ìgbà tí a já a títí tó fi tán. Igi 33 la bá níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé mo máa bínú sí òun. Ṣùgbọ́n kò jí nǹkan kan. Kóńgò tí a ń wọ̀n lójú oníbàárà kì í tẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ yọ góńgó, lẹ́yìn náà ni oníbàárà á tún na ọwọ́: "Fi ènì sí i." Ẹni tí kì í fi ènì sí i ò ní pẹ́ lọ́jà. Kóńgò méjì ti bá ènì àti góńgó lọ. ₦66,000 ló wọlé. Ẹ yọ ₦60,000 owó àpò, ₦1,500 owó ọkọ̀ àti alábàárù, ₦1,000 owó láílọ́ọ̀nù tí a fi ń dì í. Ó ku ₦3,500.

Láti ₦10,000 dé ₦3,500, lórí àpò kan. Mo sì ń fi ₦10,000 orí yẹn náwó.

Nígbà tí ẹ bá wá ń fi ọ̀nà ìṣirò wéra, ẹ bi í pé: ṣé ó lè tọ́jú ọjà tí mo rà lápò tí mo ń tà ní kóńgò? Nínú ìwé àjákọ, ẹ lè fi ojú ewé kan fún àpò kọ̀ọ̀kan. Excel ṣe é dáadáa. Ọ̀pọ̀ áàpù ò ṣe é bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá tẹ "35" sí i, yóò máa retí 35 títí ayé, á ní kóńgò méjì ṣì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpò ti ṣófo. Ẹ kọ́kọ́ wọn tiyín kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà èyíkéyìí.

Excel àti Google Sheets

Èyí ni mo fi wọ ọdún kẹta, òun náà ni mo ṣì ń lò. Agbára rẹ̀ ni pé ẹ máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ṣírò rẹ̀ fún yín ní ọ̀nà mẹ́wàá. Èwo nínú ọjà mi ló ń mówó wọlé jù? Lójú mi, ìrẹsì ni. Ìwé fi hàn pé èlùbọ́ ni, torí kò sẹ́ni tó ń bá mi du iye rẹ̀.

Láàárín àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ tó kan oníṣòwò kékeré ni ibi tí ìwé náà ń gbé. Excel orí kọ̀ǹpútà ń gbé inú kọ̀ǹpútà yẹn, àyàfi tí ẹ bá gbé e síbòmíràn. Google Sheets ń gbé inú àkáǹtì Gmail yín. Ẹ lè ṣí i lórí fóònù, ẹ lè jẹ́ kí ẹgbọ́n yín tó dá owó òwò pọ̀ pẹ̀lú yín máa wò ó láti Èkó láìlè fọwọ́ kàn án, ó sì máa ń tọ́jú bí ìwé ṣe rí lánàá, tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe é sílẹ̀ kí dátà tó tán.

Wàhálà rẹ̀: kì í pariwo tó bá ṣìnà. Mo kọ fọ́múlà pé kó ṣírò láti ìlà kejì dé ìlà ogójì. Nígbà tí mo kọ̀wé kọjá ogójì, kò ka ìyókù, n ò sì mọ̀. Fún oṣù méjì ni mo rò pé ìnáwó mi ti dín kù. Inú mi dùn gan-an ni. Láti ìgbà yẹn, ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ṣe ojú ìlà kan ṣoṣo lọ́wọ́, kí n fi wò ó bóyá Excel ń purọ́ fún mi.

Tí ẹ ò bá tíì fọwọ́ kan Excel rí, ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ́ ọ. Ẹ kọ ìwé àjákọ fún oṣù mẹ́ta ná. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ ojú ìlà tí ẹ nílò.

Áàpù orí fóònù

Wọ́n pọ̀: Bumpa wà nílé níbí, QuickBooks àti Zoho Books wá láti òkè òkun. Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa ju ìwé àti Excel lọ ni rìsíìtì. Oníbàárà á rà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, rìsíìtì á ti bọ́ sórí WhatsApp rẹ̀, ọjà tó kù nílẹ̀ á sì dín fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ, bàtà, ọṣẹ ara, ohun tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí Instagram, áàpù bá a mu ju bó ṣe bá èmi mu lọ.

Áàpù kan wà tí mo lò fún oṣù mẹ́jọ, ọ̀fẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kógbá sílé, kí kálukú kó àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọjà ọdún ni mo wà, n ò ka iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo fi ráyè, kò ṣí mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ọjà kìíní sínú áàpù èyíkéyìí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde sí Excel tàbí PDF. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ pa á tì. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa kó o jáde lóṣooṣù. Ẹ sì wò ó bóyá wọ́n á gbowó oṣù lọ́wọ́ yín tí ọjà bá ti pọ̀ dé iye kan.

Àwìn: káàdì àbí áàpù

Áàpù náà ló ń bá mi sin àwọn onígbèsè lówó. Mo rò pé ire ló dé. Ìyá kan wà tó ń se oúnjẹ tà, ó ti tó ìyá mi í bí, ọdún kẹrin rẹ̀ nìyẹn tó ń rajà lọ́wọ́ mi. Áàpù fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní aago mẹ́fà àárọ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ọjọ́ tó dá ti kọjá. Ìyá náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé fóònù lo wá rán láti máa sin mí lówó?"

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n san án lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀, wọn ò sì wá rajà fún oṣù méjì.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí káàdì alájọ. Ohun tó mú kó wúlò ni pé ojú àwọn méjèèjì ló tó o: alájọ rí i, ẹni tó ń dájọ rí i, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Mo gé páálí, mo ń kọ ọjọ́, ọjà, iye, iye tí wọ́n san, iye tó kù. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ gbà sí i, wọ́n á mú un jáde fúnra wọn, wọ́n á rí i pé ó ti ń ga. Mi ò ní láti sọ̀rọ̀. "Ẹ kú ojúmọ́ mà, káàdì yín dà?" ti tó.

Fún àwìn, ọ̀dọ̀ káàdì ni mo wà. Áàpù lè dáa fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́, tí wọn ò mọra lójú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí àwìn. Ìgbà wo lẹ máa kà á sí owó: ìgbà tí ọjà jáde, àbí ìgbà tí owó dé? Tí ẹ bá kà á lọ́jọ́ tí ọjà jáde, oṣù Kejìlá á dà bí oṣù ọlọ́rọ̀, torí gbogbo alásè ló ń gbà á láwìn fún ìnáwó ọdún, bẹ́ẹ̀ oṣù Kejì ni wọ́n máa san. Tí ẹ bá kà á lọ́jọ́ tí owó dé, ẹ ò ní náwó tí kò sí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ pé oṣù Kejì ò dáa tó bẹ́ẹ̀, owó àtijọ́ ló ń wọlé. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, mo fara mọ́ ọjọ́ tí owó dé, kí ojú àwìn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe fi hàn lókè.

Ẹni tí ẹ máa sanwó fún

Ẹni tó ń dá òwò ṣe ò nílò oníṣirò lóṣooṣù. Tí ẹ bá ti forúkọ kọ́ńpínì sílẹ̀, tí Ltd wà lẹ́yìn orúkọ, ọ̀rọ̀ yí padà: òfin ilé iṣẹ́, CAMA ti 2020, ní kí kọ́ńpínì tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ẹ wá ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN tàbí ANAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ní Nàìjíríà, kí ẹ ní kó fi ẹ̀rí hàn yín. Ẹ má sì gbé àpò tí rìsíìtì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ lọ bá a ní oṣù Kejìlá. Owó tí ó máa gbà láti tú u á ju owó tí ó máa gbà láti ṣírò rẹ̀ lọ. Rìsíìtì tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde máa ń ṣá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.

Àwọn tiwa tó ń ṣòwò ní Ìlú Ọba ò ní ẹ̀tọ́ láti yàn tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, ẹni tó ń dá ṣòwò tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50,000 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kó sì máa fi ránṣẹ́ sí HMRC, aláṣẹ owó orí ibẹ̀, lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ní 2027, yóò wálẹ̀ sí £30,000. Ìwé àjákọ nìkan ò gbà níbẹ̀.

Èyí tí mo yàn, àti bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí

Ìwé àjákọ ń wà lórí káńtà látàárọ̀ títí di alẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kó ọ̀sẹ̀ náà sínú Google Sheets, kò ju wákàtí kan lọ. Káàdì ni fún àwìn. N ò lo áàpù mọ́, ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń ta bàtà ń lò ó, kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí mo ń sọ nípa ìwé.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ka ohun mẹ́rin: owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀, owó inú àkáǹtì, ohun tí àwọn èèyàn jẹ yín, ohun tí ẹ jẹ àwọn èèyàn. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀ ní iye tí ẹ rà á, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà á. Àpò tó bá ti já, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ dà á sílẹ̀, ẹ fi kóńgò wọ̀n ọ́n padà sínú rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe máa ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà, kó yọ góńgó.